Abẹ́rẹ́ Tí Táíwò Kò Gbà Lọ́jọ́ Tí A Bí I

Ọjọ́ kan náà ni mo bí ọmọ méjì, ṣùgbọ́n ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti dé ayé. Ìrẹsà ni mo bí Táíwò sí, lórí ẹní, nínú yàrá ìyá ọkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo bí Kẹ́hìndé sí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ohun tí ọ̀kan rí gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí èkejì kò rí gbà ní Ìrẹsà, kò tó ẹ̀kún ìdérí ìgò. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, àti ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ báyìí, tí nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ nítan, tí àánú rẹ̀ sì ń ṣe yín.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mò ń tẹ taipuráítà ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀yọ́, ọkọ mi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama. Oyún náà tóbi gan-an. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ mí wò fi ọwọ́ tẹ ikùn mi títí, ó ní ó jọ pé méjì ni wọ́n, àti pé ó ṣì ku bí oṣù kan. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ọkọ mi ní ká lọ sí Ìrẹsà lópin ọ̀sẹ̀, ká lọ kó oúnjẹ, kí ìyá òun sì rí mi kí n tó bí. A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jẹun, omi já lára mi.

Ìyá Ìrẹsà, bí mo ṣe ń pe ìyá ọkọ mi nìyẹn, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ó ti fi ọwọ́ gba ọmọ tó pọ̀ nínú agbo ilé wọn. Ó ní kí wọ́n gbé omi kaná, ó tẹ́ ẹní, ó di ọwọ́ mi mú. Táíwò ò fi ìyà jẹ mí rárá. Ó ké, ó ké dáadáa. Ìyá Ìrẹsà fi bíléèdì tuntun gé ìwọ́ rẹ̀, ó so ó, ó fi aṣọ wé e. Gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ó pe ọkọ mi wọlé. "Wálé, lọ wá mọ́tò. Èyí tó kù dábùú. Ọwọ́ mi ò ká a."

Títí di òní ni mo ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà nítorí gbólóhùn yẹn. Ẹlòmíràn ì bá ní ká ṣì máa wò ó.

Ọkùnrin kan ń di iṣu sínú píkọ́ọ̀pù, ó fẹ́ gbé e lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sọ iṣu náà kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n gbé mi sí i. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà bàjẹ́. Ìyá Ìrẹsà dúró ti Táíwò nílé, ìyàwó ilé kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ló sì kọ́kọ́ fún un lọ́mú. Èmi ò mọ bí a ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo rántí ni ojú dókítà, àti bó ṣe ń fi ọwọ́ yí ọmọ náà nínú mi, àti igbe Kẹ́hìndé.

Bí wọ́n ṣe nù ún tán, nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ kékeré kan, ó gún un nítan. Oògùn inú rẹ̀ ò ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ. Mo béèrè ohun tó wà fún.

"Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dì dáadáa ni, Màmá," ó dá mi lóhùn. "Gbogbo ọmọ tí a bá bí níbí la ń fún."

Mo gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì. Oorun ti ń gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìrẹsà gbé Táíwò wá bá mi. Inú nọ́ọ̀sì yẹn dùn láti rí àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa lọ gba káàdì fún èyí náà, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká fún un lábẹ́rẹ́ bíi ti èkejì rẹ̀." Ìyá Ìrẹsà gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìlà náà ti jáde kúrò nínú ilé, ó ti dé abẹ́ igi níta. Ó tò títí oòrùn fi mú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ló bá gbé e padà wá fún mi kí n fún un lọ́mú.

"Ìlà yẹn ò kúrò lójú kan," ó ní. "Ọmọ tó ń mu ọmú báyìí, tó ń ké báyìí, kí ló ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn mi títí, n kò rí ẹni tí mo lè dì mú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì bọ́ sọnù láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn rere.

Ilé ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ la gbé àwọn ọmọ lọ. Màámi la máa ń pè é. Ìyá Ìrẹsà náà bá wa lọ kí ó lè máa wẹ ọmọ. Màámi ló ń lu etí gbogbo ọmọbìnrin agbo ilé wa, èmi náà wà lára wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a sọ wọ́n lórúkọ, ó jókòó sójú oòrùn, ó se abẹ́rẹ́ nínú omi tó ń hó, ó fi okùn ìránṣọ funfun sí i. Etí Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ lù. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde létí rẹ̀ ò ju orí pín-ín-nì lọ, ó sì tán. Ó lu ti Táíwò. Òun náà ké díẹ̀, ó sùn.

Ní àárọ̀, mo gbé Táíwò láti fún un lọ́mú, mo rí aṣọ tó fi orí lé. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín.

Màámi ní okùn ló ń họ ọ́. Ó fi omi gbígbóná nu etí náà, ó mọ́. A ò tíì da omi nù tí ẹ̀jẹ̀ tún fi yọ. Kò tú jáde o. Ńṣe ló ń sun díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń sun lára ìkòkò amọ̀ tuntun. Ẹ nù ún, ẹ óò rí ihò kékeré náà tó mọ́ tónítóní. Ẹ ṣẹ́jú, ó ti tún pọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwọ́ rẹ̀ tó ti ń gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Lẹ́yìn náà ló yàgbẹ́ dúdú, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú tí omi kán sí, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ rẹ̀ ti di yẹ́lò kí a tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Dúdú ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan, dúdú tó bá tún padà wá lẹ́yìn tí ó ti lọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ilé ti kún nítorí ìsọmọlórúkọ, oníkálùkù sì mú ohun tó mọ̀ wá. Ìyá Ìrẹsà já ewé imí-eṣú, ó fi ọwọ́ ra á, ó kán omi rẹ̀ sí etí náà. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró díẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pupa yọ láàárín àwọ̀ ewé. Màámi gbé òróró àdúrà tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó fi kan iwájú orí ọmọ, ó kúnlẹ̀ tì í. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Táíwò ti tọ́ ayé wò, kò dùn mọ́ ọn ni," ó wí. "Ẹ se ẹ̀wà fún wọn, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́."

A se ẹ̀wà. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jẹ ẹ̀wà, mo gbé ọmọ mi lé itan, mo rí àmì kan lápá rẹ̀ tó dúdú bí aró. Mo wò ó, n kò mọ ohun tó jẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó sì bá ìka mi mu. Àtàǹpàkò mi ni. Ibi tí mo ti dì í mú láàárọ̀, jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń di ọmọ mú, ẹ̀jẹ̀ ti ya sábẹ́ awọ níbẹ̀. Mo la ẹnu rẹ̀ wò, inú ètè rẹ̀ ti funfun. Mo gbé ọmú sí i lẹ́nu, kò fà á.

Mo dìde, mo pe ọkọ mi pé ká máa lọ sí ọsibítù.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ jẹ́ ká sọ wọ́n lórúkọ tán, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ."

"Bàbá, Táíwò ti mú orúkọ tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ dákun, mo ń gbé e lọ."

N kì í bá àgbà jiyàn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìrẹsà ti ń wé gèlè. Màámi pọn Kẹ́hìndé.

Ní ọsibítù tó sún mọ́ wa ní Ọ̀yọ́, ìlà la tún bá. Àwọn ìyá kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀. Ìyá Ìrẹsà wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tò. Ó gbé Táíwò lọ síwájú, ó ṣí aṣọ tó fi bò ó, ó sì kọjú sí àwọn ènìyàn.

"Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde lára ọmọ yìí, kò dúró."

Obìnrin tó wà níwájú, tí ọmọ tirẹ̀ ń jóná fún ibà lẹ́yìn rẹ̀, ló kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Gbogbo wọn sún. N kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, mo sì ń gbàdúrà fún wọn títí di òní. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ètè Táíwò, ó wo apá rẹ̀, ó fi òwú tẹ etí rẹ̀, ó rí káàdì tí wọ́n fún Kẹ́hìndé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára kò sí lọ́dọ̀ àwọn. "Ẹ má jókòó. Ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ bí i sí ní Ògbómọ̀ṣọ́."

N kò dúró láti ṣàlàyé fún un pé ọ̀kan ṣoṣo la bí sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Awakọ̀ tó gbé wa kò dúró gbé èrò kankan lọ́nà. Nínú mọ́tò, mo gbé etí mi sí imú Táíwò kí n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Màámi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ mi yìí ni," ó ń sọ jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ mi yìí náà ni."

Dókítà tó gba Táíwò lọ́wọ́ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Màámi sọ Kẹ́hìndé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú wọn, ó wo etí ti èyí, ó wo etí ti tọ̀hún. Okùn funfun wà létí Kẹ́hìndé, ó gbẹ, ó mọ́. Ti Táíwò ti pọ́n, ó ti wúwo.

"Ta ló lu etí wọn?"

"Èmi ni, dókítà," Màámi wí.

"Ọjọ́ kan náà?"

"Ọjọ́ kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Mi ò ṣe ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì."

Dókítà yíjú sí mi. "Ṣé ibí lẹ bí àwọn méjèèjì sí?"

Mo ṣàlàyé Ìrẹsà fún un, àti ìlà méjèèjì, èyí tí a fi sílẹ̀ níbí àti èyí tí a kọjá ní Ọ̀yọ́. Nọ́ọ̀sì tó gún Kẹ́hìndé lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí i wà níbẹ̀, ó rántí wa. Ó gbé ọwọ́ lé Kẹ́hìndé, ó ní, "Èyí gba abẹ́rẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé Táíwò. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń lọ mú oògùn.

Mo rí i tó fà á sínú abẹ́rẹ́. Kò pọ̀ ju èyí tí mo rí lọ́jọ́sí. Wọ́n gún un, wọ́n tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi sí i lára, nítorí èyí tó ti sọnù ti pọ̀ jù fún ara tó kéré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní ohun kan wà nínú ara ènìyàn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fítámì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní K tó ń ràn án lọ́wọ́. Àgbàlagbà ń rí i nínú ẹ̀fọ́. Ọmọ tuntun ò tíì jẹ ẹ̀fọ́, èyí tó bá a wá láti inú ìyá rẹ̀ kéré, omi ọmú náà kò sì ní i tó, bó ti wù kí ìyá jẹun tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bọ́ nínú rẹ̀ láìsí ewu. Àwọn kan kì í bọ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú mọ àwọn tí kò ní í bọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún gbogbo wọn.

Ìyá Ìrẹsà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó béèrè pé, "Dókítà, ìlà káàdì yẹn náà ló fà á, àbí?"

"Màmá," dókítà wí, "ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín gbà á wáyé. Ẹ̀yin lẹ tún gbé e kọjá ìlà wá síbí. Ẹ jẹ́ kí oògùn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀."

A jókòó tì í. Màámi ló ń pààrọ̀ òwú etí rẹ̀, torí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ rin gbingbin. Èyí tó tẹ̀ lé e náà pọ́n. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan kúrò, ó yí i sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún. Àárín rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Òmíràn tún wà tí ó jẹ́ pé bí ìlà tín-ín-rín ni pupa ibẹ̀ rí. Oòrùn ti ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí Màámi mú òwú kan kúrò létí ọmọ náà, tó nà án sí mi. Funfun ni. Mo gbà á. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Funfun ni níwájú, funfun ni lẹ́yìn.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bó ṣe rí lára mi. Mo ti rí i kí ọgbẹ́ jinná, mo ti rí i kí ibà lọ. Ṣùgbọ́n èmi kò ronú rí láyé mi pé ẹ̀jẹ̀ ara wa mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láti kékeré láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, láìjẹ́ pé mo dúpẹ́. Ọmọ méjì ló dùbúlẹ̀ síwájú mi, inú kan náà ni wọ́n ti wá, ọmú kan náà ni wọ́n ń mu. Ẹ̀kán oògùn kan ló pín wọn níyà, ẹ̀kán kan ló sì tún so wọ́n pọ̀. Ọkọ mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò tẹjú mọ́ ìgò kékeré tí oògùn náà ti jáde, ó ní òun ò rí bí òun ṣe máa ṣe ìṣirò èyí.

A sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí a padà dé Ọ̀yọ́. Ìyá Ìrẹsà fi Ìyanu kún orúkọ Táíwò. Ẹ̀rù ò tètè kúrò lára mi, torí dókítà ti ní ká máa ṣọ́ ọ, pé nígbà mìíràn irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ya sínú orí. Kẹ́hìndé ti ń rìn nígbà tí Táíwò ṣì ń rá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Nígbà tó dìde, kò rìn, eré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìrẹsà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Títí ó fi kú, bí obìnrin kan bá bímọ sílé lágbègbè wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pọn ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́, bí ìlà gùn, bí kò gùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ bá bí ọmọ, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ náà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé tàbí ojú ọ̀nà lẹ bí i sí, ẹ gbé e lọ gbà á lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó lu etí ọmọ, kí ẹ tó dá a lábẹ́, ẹ bi ara yín bóyá ó ti gbà á. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ ní imú, ní ìwọ́, létí, tàbí nínú èébì rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ń ní àmì dúdú láìṣubú, bó bá ń funfun, bí oorun rẹ̀ bá pọ̀ jù tí kò sì fẹ́ mu ọmú, kódà bó ti lé lóṣù kan, ẹ má ṣe dúró wo ewé, ẹ má dúró de àlejò. Ẹ máa gbé e lọ.

Ìlọrin ni Kẹ́hìndé ń gbé báyìí. Olùkọ́ ni Táíwò ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí mi, ara rẹ̀ le. Lóṣù tó kọjá, ó wá bá mi gé ilá nílé ìdáná, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kan tí kì í jẹ́ kí àwọn olùkọ́ simi. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e níka. Ó fi ìka náà sẹ́nu, ó yọ ọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ìka yẹn ni mò ń wò. Nígbà tó gbé àtàǹpàkò kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti dúró. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó fa ilá tó kù sọ́dọ̀.